Eruku Tó Bá Ṣùkúrù Wọlé

Fatihah, ọmọ Ṣùkúrù, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá níwájú ilé wọn ní Fìdítì láìkí i. Bí Kaothar, àbúrò Ṣùkúrù, bá ti ilé ìwé dé láti Ọ̀yọ́, ohùn ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tó dé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló bá ọmọ. Ó ti rù. Ó ń wo Kaothar bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Fàsílátù, ìyá ọmọ náà, ní inú ń run ún, oúnjẹ ò wù ú, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ sì ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti lo àgbo, wọ́n ti ra oògùn aràn, wọ́n ti ṣe àdúà. Àwọn kan ní aráyé ló wà nídìí ẹ̀.

Kaothar ní kí àwọn gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Dorcas béèrè oúnjẹ, ó béèrè omi, lẹ́yìn náà ló béèrè iṣẹ́ tí bàbá ọmọ ń ṣe. Wọ́n ní ọgbà tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù ló wà, lẹ́yìn àdúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì kọ ìwé fún wọn. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò n'Íbàdàn.

Èsì dé. Òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ Fatihah.

"Òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, ni wọ́n ń yọ nínú bátìrì yẹn," Nọ́ọ̀sì Dorcas ṣàlàyé. "Èéfín rẹ̀ ń balẹ̀ síbi tí ọmọ ti ń ṣeré, eruku rẹ̀ ń bá aṣọ iṣẹ́ wọlé. Ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́."

Fàsílátù béèrè bóyá ọmọ òun á padà bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì ní ìtọ́jú lè dín òjé ara rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé ohun tó ti bàjẹ́ á tún ṣe.

Nírọ̀lẹ́, bí Ṣùkúrù ti dé, ó na ọwọ́ sí ọmọ. Fàsílátù fa ọmọ sẹ́yìn. Nígbà tí Ṣùkúrù gbọ́ ìdí rẹ̀, ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ níta. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Kaothar àti àwọn ìyá ọlọ́mọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kìlọ̀ fáwọn èèyàn. Àwọn kan tilẹ̀kùn mọ́ wọn: wọ́n ní iṣẹ́ ọgbà náà lọmọ àwọn fi ń jẹun. Ẹni tó ni ọgbà pín ìrẹsì fún àdúgbò kí wọ́n má bàa sọ̀rọ̀. Kaothar ti rò pé bí èèyàn bá ti sọ òótọ́, ó parí. Ó wá rí i pé ebi ni wọ́n fi de àwọn ará àdúgbò mọ́ èéfín, àti pé ẹni tó ni ọgbà kò kọ́ ọ sí ìtòsí ilé tirẹ̀.

Nípàdé àdúgbò, Ṣùkúrù dìde.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé òjé wá bá ọmọ mi," ó ní. "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ẹ̀yin ti gbọ́ báyìí."

Ọjọ́ kejì ni àwọn ará àdúgbò jọ lọ bá wolé-wolé. Ó pẹ́ kí ìjọba tó ti ọgbà náà pa. Ṣùkúrù ń gun ọ̀kadà báyìí, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì mọ́. Àwọn obìnrin ṣì ń lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìgbà tí wọn á wá kó iyẹ̀pẹ̀ tí òjé ti wọ̀ kúrò. Fatihah ń lo oògùn. Ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò tíì kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ará wa, bí wọ́n bá ń yọ́ bátìrì nítòsí yín, ẹ mú ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kódà bí ara rẹ̀ bá le. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó wẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó wọlé, kí wọ́n má sì fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Síse omi kì í mú òjé kúrò. Kí ẹ sì jọ lọ fẹjọ́ sùn, torí ẹnìkan ṣoṣo rọrùn láti lé padà.

Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dákẹ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.