Iyọ̀ Abẹ́ Ẹní Mi

"Àpìkẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí iyọ̀ nílé yín? Bí ìyá mi ò bá rí iyọ̀ fi din àkàrà lọ́sẹ̀ yìí, Ìbòkun ni wọ́n ń fi mí ránṣẹ́ sí, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn."

Fàtímọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òkè-Baálẹ̀. Ọdún 1975 ni. Owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba kéde, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo nǹkan sì ti gbówó lórí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Kò sí rárá."

Irọ́ ni. Àpò iyọ̀ mẹ́sàn-án ni ìyá mi tó ń ta iyọ̀ tò sórí ilẹ̀ nínú yàrá mi. Wọ́n tẹ́ ẹní lé e, orí rẹ̀ ni mò ń sùn. "Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kò sí," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó tún wọ́n díẹ̀ sí i." Lọ́jọ́ náà mo jẹ ọbẹ̀ tó dùn, mo tún lá ọwọ́. Ó ń rí mi lára títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, a ṣe àríyànjiyàn ní kíláàsì. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Bándélé, ti kọ́ wa pé ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń gbà wo ọjà tó dàrú. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀: bí nǹkan bá wọ́n, àwọn tó ń tà á yóò pọ̀, iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kejì ní kí ìjọba dá sí i, torí ebi kì í dúró de ọjà. Fàtímọ̀ gbè sẹ́yìn àwọn kejì. Èmi ní ká fi ọjà sílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó ń sùn lórí iyọ̀ ló borí.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, omi sì ń sun látinú ilẹ̀ yàrá mi. A ò fi pákó sábẹ́ àwọn àpò náà, torí bí a bá gbé pákó wọlé, àwọn ará ilé yóò béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, omi dúdú ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn mi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rùn bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Ibi tó ti gbẹ létí ògiri funfun báláú. Ìgbà náà ni Fàtímọ̀ wá dágbére, àpótí rẹ̀ lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ha ara ògiri, ó tọ́ ọ wò. Ó tutọ́ sílẹ̀.

"Iyọ̀ ni," ó ní. "Àpìkẹ́, iyọ̀ wà níbí."

Kò bú mi. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Bándélé. Wọ́n ní, "Nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tó lè tún ọjà ṣe, bí ọlọ́jà bá ń parọ́ ohun tó wà nílé rẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ìnira ẹlòmíràn wá èrè. Àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ẹrẹ̀, a dà wọ́n sí gọ́tà. Kóńgò kan péré ìbá ti dá Fàtímọ̀ dúró.