Èéfín Tí Zuura Ń Fín fún Ìyàwó Ọmọ Rẹ̀

Mo máa ń lọ wo àwọn tó ń lo oògùn HIV nílé wọn. Kí n tó kan ilẹ̀kùn Zuura ní ìlú Osh láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ikọ́. Burul, ìyàwó ọmọ rẹ̀, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹ. Èéfín kún yàrá, omi ń bọ́ lójú mi.

Ewé adiraṣiman tí wọ́n ń jó lórí ẹyin iná inú agbada ni. Bí ara ẹnikẹ́ni ò bá ti yá níbí, òun la fi ń lé àrùn. Ìyá mi náà fín in fún mi títí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fèrèsé.”

“Kí òtútù wá pa á? Oògùn yín ló ń pa á! Ọdún mẹ́jọ ló ti ń lò ó, ẹ ní kòkòrò HIV ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ló wá ń gba èémí rẹ̀?”

Burul ò wo ojú mi. “Àǹtí, mi ò lò ó láti ọjọ́ Ajé. Ó ti sú mi.”

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Èmi náà ń lo oògùn yìí. Mo ti sin ẹni méjì tó dá a dúró, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa bẹ ènìyàn kó má kú.

“Burul, oògùn ń de kòkòrò náà mọ́lẹ̀, àmọ́ kòkòrò náà ti ṣe ọṣẹ́ díẹ̀. Àwọn àmì tíntìntín kan wà nínú ara tó ń sọ iṣẹ́ tí ara máa ṣe àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i pé lára àwa tá a ní kòkòrò yìí, àmì náà lè yí padà nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó wá dà bíi ti arúgbó. Wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀.”

“Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì?” Zuura bi mí. “Ẹ̀dọ̀fóró bíi tèmi?”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ wá ń da èéfín lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.”

Ó wo ẹyin iná náà. “Èmi ni mò ń pa á nìyẹn?”

“Ẹ ò mọ̀ ni.”

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbada ẹyin iná jáde, ó sì ń sunkún. Burul rí ẹkún rẹ̀, ó gbé oògùn rẹ̀ mì lójú mi, a sì jọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ti fún, wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò máa fà sínú láti ẹnu. Mi ò ní tàn yín: èyí tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò ní padà bọ̀ sípò tán. Ṣùgbọ́n ó ti ń rí oorun sùn lóru.

Ẹ̀yin ará mi tá a jọ ní kòkòrò yìí, ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bí ẹ bá ń wúkọ́, tí èémí yín ò délẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ẹ ní kí dókítà yẹ ikọ́ ife wò, kó sì fi ẹ̀rọ wọn èémí yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi èéfín ṣe yín lóore nílé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.