Ẹni Tí Kì Í Mu Omi Kànga

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtàárọ̀ o. Ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, òfófó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ ẹnu tó fẹ́ sọ ọ́.

Ọmọ Bushrah kú ní Kúdẹtì. Mutmainnah, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Inú ń run ún, inú ń run ún, gìrì gbé e, ó parí. Kò pẹ́, Zakariyya ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ń di ikùn mú. Nírọ̀lẹ́, ẹyẹ kan wá bà sórí páànù, ó ń ké bí ọmọ tuntun. Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ìyá Àṣàkẹ́ ni wọ́n dojú ẹ̀ kọ, arúgbó tí kò bímọ (Àṣàkẹ́ loríkì òun fúnra ẹ̀), tó wo Sàídì ọkọ Bushrah dàgbà. Kí ló ṣe? Gbogbo ilé ló ń mu omi kànga ẹ̀yìnkùlé, àfi òun. Omi òjò inú àmù ni tiẹ̀.

"Ẹni tó mọ nǹkan tó jù sómi ni ò ní mu ún!" Bushrah ló ń pariwo.

"Ọmọ mi, omi òjò ló ti ń bá mi lára mu látìgbà tí mo ti délé yìí."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín! Èyí tẹ́ ẹ jẹ ò tíì yó yín ni?"

Sàídì jókòó, ó tẹrí ba. Iṣẹ́ kùsà ló ń ṣe. Ó máa ń ru òkúta góòlù wálé, á lọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Gbogbo ilé ló sì ń ṣàdúrà pé kó là, wọ́n ń ṣe àmín sí i.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹbí pé. Bushrah fa omi kànga, ó bu ún sí ife.

"Ẹ mu ún lójú wa. Tẹ́ ò bá mu ún, ẹ kó ẹrù yín."

Arúgbó! Níbo ni kó lọ? Màmá gba ife. "Ó ti rẹ̀ mí. Bísímílà."

Ife kan ètè báyìí, Sàídì fò dìde, ó gbá a dànù.

"Màámi, ẹ má mu ún! Òjé wà níbẹ̀, májèlé ni!"

Bushrah yíjú sọ́kọ ẹ̀.

"Bàbá Zakariyya, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀gá wọn níbi kùsà ti sọ fún Sàídì pé òjé wà nínú òkúta yẹn, pé omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ máa ń wọ kànga, ọmọdé ló sì ń tètè pa. Ojú tì í. Ó kàn ń ra píọ̀wọ́tà fún Zakariyya, ó dákẹ́, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tó wò ó dàgbà lájẹ̀ẹ́.

Zakariyya ti wà lọ́sípítù báyìí. Ìyá Àṣàkẹ́ ló gbé e lé ẹsẹ̀, Sàídì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bushrah ò lè wojú èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ká ní ẹ̀yin ni Bushrah, ta lẹ máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ta lẹ máa lé?