Irun Ẹ̀gbẹ́ Etí Ọmọ Aránṣọ

Ọ̀sán Sátidé ni. Nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, tí ó fi ṣe ibi iṣẹ́, aránṣọ kan jókòó, ó ń tú irun ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ ilé-ìwé mọ́kànlélógún tí ó ti rán tán wà lórí okùn. Mọ́kàndínlógún tí ó ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì rán wà nínú àpò lábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ilé-ìwé wọlé.

Ọmọ náà, tí í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fèsì sí. Irun rẹ̀ pọ̀, ó nípọn, ó sì kákò dáadáa.

"Màmá, ó ń dùn mí."

"Gbé orí rẹ dúró."

"Mo gbé e dúró. Orí náà ni kò gbà."

"Ta ló ń bi orí léèrè?"

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí aránṣọ yìí ṣe ń di irun. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè, nítorí náà ó máa ń fẹ́ kí irun tí ó bá dì pẹ́ lórí. Bí ó bá dì í tán, yóò mú òwú líle tí wọ́n fi ń rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù, yóò fi wé ìdí irun níwájú orí àti ní ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì, kí irun wẹ́wẹ́ má baà yọ síta. Yóò fa òwú náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fà á lára kóòtù, títí awọ iwájú orí ọmọ náà yóò fi nà. Irun bẹ́ẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìtú. Àwọn oníbàárà a máa yìn ín pé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lórí bí ó ṣe mọ́ lára aṣọ.

Ní ọjọ́ yìí, nígbà tí ó dé ẹ̀gbẹ́ etí òsì, ó rí i pé òwú ti rì sínú awọ. Ó fi abẹ kékeré tí ó fi ń tú aṣọ gé e, ó sì rọra fà á. Irun tẹ̀ lé òwú náà jáde, tòun ti gbòǹgbò funfun. Ibi tí ó ti jáde ń dán. Egbò kéékèèké mẹ́rin tí ó ní ọyún yí i ká. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, irun ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà.

"Láti ìgbà wo ni èyí ti wà níbí?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń sọ pé ó ń dùn mí."

"Ìgbà wo lo sọ ọ́?"

"Ọjọ́ tí ẹ dì í. Ọjọ́ kejì rẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Ẹ ní irun tó bá máa dára gbọ́dọ̀ dunni."

Ìyá gbé abẹ náà sílẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Àbúrò aránṣọ náà wọlé ní àkókò yìí. Ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní òpópónà kejì ni ó ti ń tajà. Ó gbé ike rílásà kan dání, ìyẹn ìpara tí ń mú irun kíkákò nà tọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wàhálà yín ti parí. Ohun tí mo sọ fún yín nìyí."

"Kọ́kọ́ wo orí ọmọ yìí ná."

Àbúrò wò ó. "Họ́wù! Ẹ̀yin àti òwú yín. Ẹ ò kúkú rán orí ọmọ mọ́ ọrùn kẹ́ ẹ lọ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ tún ń bi mí? Irun líle ló fà á. Bó bá ti nà, ẹ ò ní máa fà á mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, ẹ ti yà á tán, ẹ ti padà sídìí ẹ̀rọ yín."

"Egbò ńkọ́?"

"Ẹ fi òróró kùn ún kó nípọn, rílásà ò ní kàn án. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àǹtí, ṣé kì í ta?" ọmọ náà béèrè.

"Á ta díẹ̀. Wàá fara dà á."

"Ohun tí Màmá sọ nípa òwú náà nìyẹn."

Aránṣọ wo aṣọ tí ó wà lórí okùn, ó wo àpò tí ó wà lábẹ́ tábìlì. "Gbé e wá," ni ó wí. Ó dìde lọ mú aṣọ ìnura tó ti gbó. Àbúrò rẹ̀ ṣí ike náà, òórùn rẹ̀ sì kún yàrá.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Oníbàárà ni, nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélógún ní ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara ní ilé ìwòsàn. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n tú ní ìhà ni ó wá gbà.

"Aránṣọ wa, ṣé ó ti ṣe tán? Aṣọ yẹn ló ń súnkì o. Èmi ò sanra."

"Ó ti ṣe tán, mà. A mọ̀ pé aṣọ ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan sórí ọmọ yìí."

Nọ́ọ̀sì gbóòórùn ohun tí ó wà nínú ike. Kò jókòó. Ó gba ike náà lọ́wọ́ àbúrò, ó dé e, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ.

"Lọ́yà, níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Ọmọ náà nawọ́ sí i, ó sì fi òwú kóòtù tí ìyá rẹ̀ gé kúrò níbẹ̀ hàn án. Nọ́ọ̀sì wò ó pẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

"Ta ló fẹ́ fi rílásà sórí tó ní egbò?"

"Èmi ni, mà," àbúrò dáhùn. "A máa fi òróró bò ó."

"Ara gbóná. Òróró yóò yọ́, rílásà yóò sì wọlé. Ohun tí ń mú irun rọ nínú ìpara yìí ni yóò jó ẹran abẹ́ awọ. Bí ó bá jó o dé ìdí irun, àpá ni yóò kù. Irun kì í hù lórí àpá."

"Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ le jù, mà. Ẹ wò ó bó ṣe kákò."

"Kò le. Ó gbẹ ni. Kíkákò kì í ṣe àìsàn; bí irun rẹ̀ ṣe ń hù nìyẹn." Ó kọjú sí ìyá. "Aránṣọ, bí ẹ bá rán apá mọ́ aṣọ, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń fà á lójoojúmọ́, níbo ni yóò ti ya? Ṣé òwú ni yóò já?"

Aránṣọ ronú díẹ̀. "Rárá o. Òwú gidi kì í já. Aṣọ ni yóò ya, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ihò á kọ́kọ́ fẹ̀, lẹ́yìn náà á..." Ó wo orí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ parí rẹ̀."

"Á ya."

"Awọ orí ni aṣọ yín. Ojú ibi tí irun ti yọ ni ihò. Òwú kóòtù kò já, ẹ ti yan èyí tó lágbára. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń tu."

Aránṣọ fọwọ́ kan èjìká ọmọ rẹ̀. "Ṣé yóò hù padà?"

"Ní ọ̀tún, ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá jáwọ́ lónìí. Ní òsì, mi ò mọ̀. Ẹ mú un wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé kí dókítà wò ó. Ó lè jẹ́ fífà nìkan ló fa egbò, làpálàpá sì lè wà nínú rẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Ẹ ò lè sọ fún mi pé yóò hù?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì tú ìwérí rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì lọ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kò sí irun kankan. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ kí orí mi mọ́ tónítóní, bí ẹ ti fẹ́ ti ọmọ yín. Kì í ṣe ìkà." Ó wé ìwérí rẹ̀ padà.

"Ṣé ó ń dùn yín?" Lọ́yà béèrè.

"Rárá. Bí ibẹ̀ bá ti kú tán, kì í dunni mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbọ́ nígbà tí o sọ pé ó ń dùn ọ́."

Aránṣọ gbé ike náà, ó fún àbúrò rẹ̀. "Mú un kúrò nílé mi."

"Ta ni kí n wá gbé e fún?"

"Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ kò ní egbò, tó sì fúnra rẹ̀ yàn án," nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọdé kọ́."

"Mà, mi ò ráyè ni," aránṣọ wí. "Wákàtí kan ààbọ̀ ni irun yìí ń gbà mí. Ìdí tí mo fi ń fà á kó lè pẹ́ nìyẹn."

"Ó ń gbà yín bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ ń yà á ní gbígbẹ. Ẹ gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá."

Wọ́n gbé abọ́ omi sórí tábìlì ìgéṣọ. Nọ́ọ̀sì rọra da omi sórí irun títí ó fi rin dé ìdí. Ó fi ọṣẹ ìfọrun sórí awọ nìkan, ó fi orí ìka fọ̀ ọ́ láìfi èékánná ha á, ó sì yẹra fún egbò. Lẹ́yìn tí ó ṣàn án tán, ó ní kí wọ́n pín irun náà sọ́nà mẹ́rin, kí wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọwọ́ aránṣọ lọ tààrà sí òwú.

Lọ́yà pariwo.

"Ọwọ́ ló ṣe é, èmi kọ́," ìyá rẹ̀ wí. Ó mú àjákù aṣọ rírọ̀ dípò rẹ̀. Àbúrò tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó sì padà wọlé wá di orí ọmọ mú.

Nọ́ọ̀sì fi kọndíṣọ́nà, ìpara tí ń mú irun yọ̀, pa apá kìíní. Ó gba òòyà eléyín fífẹ̀. "Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú kókó ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gòkè. Ẹ fi ọwọ́ kejì di irun mú lókè, kí awọ má baà mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́."

Òòyà kọjá. Irun náà nà sílẹ̀.

"Ó dé èjìká mi!" ọmọ náà wí.

"Ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Kíká ló ká jọ."

Wọ́n fi aṣọ òwú àtijọ́ tẹ omi inú irun náà, wọn kò fi nu ún. Aránṣọ na ọwọ́ sí òróró. Nọ́ọ̀sì ní kí ó fi díẹ̀ pa á nígbà tí irun ṣì tutù, nítorí pé òróró kì í fún irun lómi; ṣe ni ó ń dá omi tí ó ti wà níbẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín irun ní méjì-méjì, wọ́n lọ́ ọ mọ́ra láìfà á. Wọ́n fi iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí sílẹ̀.

"Kò mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀," aránṣọ wí. "Irun wẹ́wẹ́ ń yọ síta."

"Ẹ jẹ́ kí ó yọ. Òun la ń wá."

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lọ́yà kò sunkún.

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà yẹ orí náà wò. Kò sí làpálàpá níbẹ̀. Ó fún wọn ní oògùn egbò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, irun ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún ti kún padà. Ní òsì, ibì kan tí ó tó èékánná àtàǹpàkò kò hù. Dókítà ní àpá ni, kì yóò sì hù mọ́. Ọmọ náà kò bi ìyá rẹ̀ léèrè nípa rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ìbá fẹ́ kí ó béèrè.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, irun kíkákò kò béèrè agbára. Omi àti sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ má fi òòyà kan án nígbà tí ó bá gbẹ. Bí ó bá rin, tí kọndíṣọ́nà sì wà lára rẹ̀, ẹ fi òòyà eléyín fífẹ̀ tú u láti ṣóńṣó lọ sí ìdí. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, ẹ fi aṣọ tí ń yọ̀ bíi sílíìkì wé e lórí, kí ìrọ̀rí má baà fa omi inú irun gbẹ.

Bí ẹ bá di irun, ẹ wo ojú ọmọ. Bí awọ iwájú orí bá nà, bí kókó wẹ́wẹ́ bá sú ní ìdí irun, tàbí bí ọmọ bá ní ó ń dun òun, ẹ tú u ní wákàtí náà, ì báà jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í tán. Ẹ má jẹ́ kí dídì kan ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí ọmọdé. Ẹ má fi òwú ìránṣọ tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ìdí irun. Ẹ má fi rílásà sórí ọmọdé, ẹ má sì fi sórí ẹnikẹ́ni tí ó ní egbò.

Bí ẹ bá rí ibi tí ó ń dán, tàbí ọyún, ẹ má tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irun tí ó kàn já ṣì lè hù. Ibi tí ìdí irun bá ti di àpá, kò sí ìpara kan tí wọ́n ń tà tí ó lè dá a padà.