Nọ́ńbà Kan Ṣoṣo

"Ṣáà bá mi ṣí i, Hafeezah. Ohùn màmá mi nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Tẹniọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé ní Lẹ́bánónì. Fóònù ìyá náà ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta. Tẹlifóònù ilé ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni èèyàn fi lè bá a, lọ́sàn-án Jímọ̀. Owó irú ìpè bẹ́ẹ̀ sì ju agbára Tẹniọlá lọ.

Hafeezah ń fi ọlidé ṣiṣẹ́ fún Àlàájà Mùlíkátù, tó ń ta ọmọ ẹja fún àwọn olùsìn ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Òun ni Àlàájà fi ẹ̀rọ tẹlifóònù iléeṣẹ́ sí níkàáwọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó gbé ìpè, ẹ̀rọ náà á gba ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ sínú àpótí ohùn. Òṣìṣẹ́ tó bá wà níta lè pe àpótí tirẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà àṣírí, kó sì ti ibẹ̀ pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Àlàájà ti pàṣẹ pé kí àpótí kankan má pè kọjá Nàìjíríà.

Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Hafeezah. Ó ṣí àpótí kẹrin sí òkè òkun, ó sì fi 1234 ṣe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, kó lè rọ Tẹniọlá lọ́rùn.

Láàárọ̀ Jímọ̀, tẹlifóònù iléeṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kí oníbàárà wá kó ọmọ ẹja tuntun. Bàbá Adéòjó ti Ìjẹdé já wọlé tìbínú-tìbínú.

"Láti aago méje ni mo ti ń pè yín. Kò wọlé rárá."

Hafeezah sáré wo kọ̀ǹpútà. Àwọn àjèjì ti méfò nọ́ńbà àṣírí náà. Wọ́n gba inú àpótí kẹrin, wọ́n gba gbogbo láìnì, wọ́n ń pe ìlú tí Hafeezah kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ó lè parọ́ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Àmọ́ ó ti àpótí náà pa, ó wọ yàrá Àlàájà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo ṣí i." Ó rò ó látòkèdélẹ̀.

Àlàájà ní kó dìde. "Ilẹ̀kùn tí o ṣí fún ọ̀rẹ́ rẹ, olè náà lè gbà á wọlé. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ ò ní gbà, mà."

"Ṣé o bi mí?"

Hafeezah pe gbogbo oníbàárà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Àlàájà ránṣẹ́ pe Tẹniọlá. Ó yí nọ́ńbà àṣírí padà, ó sì kọ́ Hafeezah bí ẹ̀rọ náà ṣe lè gba nọ́ńbà kan ṣoṣo láyè lókè òkun, kó sì kọ gbogbo ìyókù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Tẹniọlá tẹ nọ́ńbà náà, ti ilé ọ̀gá ìyá rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn obìnrin kan bi wọ́n.

"Èmi ni, mà," ni Tẹniọlá dáhùn.

"Àbẹ̀kẹ́ mi?" Ìyá náà fi oríkì pè é, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó kù díẹ̀. Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, mò ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀."

Tẹniọlá dì mọ́ Hafeezah, àwọn méjèèjì ń fò sókè sódò, Àlàájà náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni Hafeezah mọ̀ pé àṣẹ tí wọ́n fi sí ni níkàáwọ́ kì í ṣe tẹni láti fi tọrẹ, oore tí a bá sì fẹ́ ṣe, ká bèèrè ọ̀nà rẹ̀ ní gbangba. Abèèrè kì í ṣìnà.