Ayàwòrán Tó Ń Lé Kọ̀ǹpútà Arúgbó Sáré

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá rí àga kó jókòó, ẹni tí kò bá rí kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ má sì wá aṣọ ìnujú, torí ẹ̀rín ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju ẹkún lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń ya àwòrán ilé. Bí èèyàn bá fẹ́ kọ́lé, òun ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà, ògiri, fèrèsé, àtẹ̀gùn, títí kan ibi tí òjìji igi yóò bọ́ sí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ayàwòrán ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi aṣọ ìbora wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe, ó ń wá ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kan tí wọ́n júwe fún un.

Bó ṣe yọ sẹ́nu ọ̀nà báyìí, eruku tú jáde lù ú. Láàárín eruku náà ni ọmọbìnrin kan dúró sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku wà lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku wà lórí irun, eruku wà lójú, ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú àpò ìyẹ̀fun. Eyín rẹ̀ nìkan ló mọ́, ó sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàsán o. Aláìsàn wo lẹ gbé wá?"

Ayàwòrán gbàgbé ohun tó bá wá. Ẹnu rẹ̀ là, eruku kó sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tí òun náà fi húkọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kí ara wọn nìyẹn: ikọ́ ni.

Dókítà ni àwọn ará àdúgbò ń pe ọmọbìnrin yìí, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé dé iwájú rẹ̀ pé ó ti kú tí kò ní kọ́kọ́ wò ó bóyá oorun ló ń sùn.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń dákú ni. Tí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, ojú ẹ̀ á di búlúù, á kú, á tún fúnra ẹ̀ jí. Nígbà míì, á kàn dúró gbagidi."

"Láti ìgbà wo?"

Ayàwòrán wolẹ̀. "Ó ti dàgbà díẹ̀, ó ń falẹ̀. Mo wá lọ sínú ètò ẹ̀, mo ní kí ọpọlọ ẹ̀ máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ."

"Ọpọlọ nìkan?"

"Mo fi kún ìyára mẹ́mọ́rì náà."

"Hẹn-hẹn."

"Mo sì fi kún iná tó ń wọ̀ ọ́."

"Lọ́jọ́ kan náà?"

"Ní ìjókòó kan náà."

Dókítà káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ po oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀ fún arúgbó lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ń gbọ̀n, ẹ wá gbé e wá kí n sọ èyí tó ń mú un gbọ̀n nínú ẹ̀!"

Ojú ti Ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà ṣe é bákan: ó dùn mọ́ ọn.

Òfin kan ṣoṣo ni Dókítà ní nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ni kí o yí, kí o dán an wò dáadáa, kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Nítorí náà, ó kọ́kọ́ dá gbogbo nǹkan padà sí bí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ṣe fi í sílẹ̀. Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ eruku tó dì bí òwú lára fáànù. Ìpara funfun tó máa ń gba ooru kúrò lára ọpọlọ ti gbẹ, ó ti sán bí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ó nù ún kúrò, ó kán tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ó fún un níṣẹ́ líle. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ títí, kò dákú.

"Ara ẹ̀ le koko," ni Dókítà wí. "Ìkánjú yín ló fẹ́ pa á."

Àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Dókítà gbà láti wá ìyára díẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Yóò fi bíńtín kún ìyára ọpọlọ, yóò fún un níṣẹ́, yóò máa wo bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná sí. Nígbà ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí wá ni ọkùnrin kan àti obìnrin kan yóò ṣe, lórí àpótí méjì, níwájú kọ̀ǹpútà tí wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Wọn yóò sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ di ìtàn, ìtàn di yẹ̀yẹ́, Ayàwòrán sì ń wá lójoojúmọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń tọ́jú.

Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà náà.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!" Dókítà bo ẹnu rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ sọ."

"Rárá o. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́."

Nígbà tó kan mẹ́mọ́rì, bí Dókítà ṣe fi díẹ̀ kún ìyára rẹ̀ báyìí, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù. Ó dá a padà, kò dákú mọ́. "Ọwọ́ ti tẹ olè," ló wí. Ó fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún gbé ìyára ọpọlọ sókè títí ó fi ta gẹ̀gẹ̀, ó wá fà á sẹ́yìn díẹ̀.

"Ibi tí yóò ti fi ara balẹ̀ ṣiṣẹ́ nìyí. Aláìsàn ẹ ti gbádùn. Máa gbé e lọ."

Dípò kí Ayàwòrán yọ̀, ó fajú ro. "Ṣé ó dá ẹ lójú? Kò sí ibà kankan tó kù lára ẹ̀?"

"Kò sí."

"Tún un wò dáadáa, olólùfẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ta lò ń bá wí?" ni Dókítà bi í. "Èmi ni àbí kọ̀ǹpútà?"

"Kọ̀ǹpútà ò ní ìpéǹpéjú."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe wọlé, tó sì jókòó. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, nígbà tí Dókítà kò tíì mọ̀ pé òun yóò fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó ti délé sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ti fi í rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi tutù. Baba rẹ̀ kò gbàgbé. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni baba yìí, ọ̀rọ̀ eré sísá kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ayàwòrán wá tọrọ ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Baba wò ó láti òkè.

"Ṣé ìwọ lo lé kọ̀ǹpútà arúgbó títí ojú ẹ̀ fi di búlúù?"

Ìyá fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Èmi ni, Baba."

"Ẹni tó lé ohun tó ti dàgbà títí ó fi dákú, tó bá rẹ ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Yóò fi kún iná tó ń wọ̀ ọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Dìde, máa lọ sílé."

Dókítà sìn ín dé ẹnu géètì. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ẹnu mi ló kó bá mi. Bí Baba mi ò bá gbà, mi ò ní lè bá ẹ lọ. Mo sì fẹ́ bá ẹ lọ."

Ìyá ló bá wọn là á. Ó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí etí ọkọ rẹ̀, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. "Baba ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó gbé nǹkan náà wá, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i." Nígbà tó yá, Baba ní kó gbé e wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Ayàwòrán gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sórí tábìlì inú pálọ̀. Ó fún un níṣẹ́ tó le jù lọ: ilé alájà púpọ̀ kan tó ń yí po díẹ̀díẹ̀, tí oòrùn ń tàn wọ fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba wò ó títí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbóná jù.

"Ó dáa. Ṣé kò lè yára ju báyìí lọ?"

"Ó lè ṣe díẹ̀ sí i, Baba."

"Ó yá, fi kún un. Bí o bá fi kún un níṣojú mi, tí kò dákú, màá fún ẹ lọ́mọ mi."

Ọwọ́ Ayàwòrán ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó mọ̀ pé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò gbà á. Ó wo Dókítà, ṣùgbọ́n Dókítà ń wo ilẹ̀, torí ojú rẹ̀ yóò ti sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ẹ má bínú, Baba. Mi ò ní fi kún un. Ó lè dúró lójú yín lónìí o, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀la, yóò ṣubú. Mo fẹ́ ọmọ yín ju ẹ̀mí mi lọ, àmọ́ mi ò lè fi irọ́ gbà á."

Ayàwòrán rò pé ó ti parí. Ó pa iṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà.

"Ta ló ní kí o ká wáyà?"

"Baba, ẹ ní tí mo bá fi kún un..."

"Mo ní bí o bá fi kún un, màá fún ẹ. Ṣé mo sọ ohun tí màá ṣe bí o bá kọ̀?" Baba fẹ̀yìn ti àga. "Àwọn tí mo kọ́ ní ọkọ̀ wíwà, ohun tí mo máa ń bi wọ́n nìyẹn. Ojú irin ń dán, kò sí nǹkan níwájú, ọ̀gá ní kí o sáré: ṣé wàá sáré? Ẹni tó bá sáré, mi ò kì í gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó na ìka sí ọmọ rẹ̀. "Èmi kọ́ lo máa fẹ́. Bi í."

Ayàwòrán yíjú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná," ni Dókítà wí.

"Kí lo tún fẹ́ rò?" ni Baba jágbe mọ́ ọn. "Láti àárọ̀ lo ti ń paná oúnjẹ tí o tún ń dá a!"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí èèyàn má kánjú?"

Ìyá sọ ìborùn rẹ̀ lu ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín gba ilé kan. Láàárín ẹ̀rín náà ni Dókítà ti rìn dé ọ̀dọ̀ Ayàwòrán, tó sì gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, tó di ọwọ́ náà mú. Kò tún jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi bí a ti jọ jókòó sẹ́yìnkùlé tí a ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ ọ́ títí ẹ̀wà fi dà nù. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo gbé fún yín yìí.