Ìdọ̀bálẹ̀ Adéjìmí

Ọjọ́ tí Adéjìmí kọ́kọ́ rí Moyọ̀sọ́lá, àtíkè kọ́ ló wà lójú ọmọbìnrin náà, gọ́ọ̀mù ni. Ó ti fi ọwọ́ tó fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé nu òógùn ojú rẹ̀, gọ́ọ̀mù náà sì ti gbẹ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò mọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọkùnrin tó ń gbìyànjú láti sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà ti fì sápá kan, ó fẹ́ wó lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀.

Adéjìmí gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ sápá kan, kí wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ fóun nìkan. Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe níwájú irin: ó mí kanlẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, ó sì dìde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wọlé, ó sì sọ apá tirẹ̀ kalẹ̀ láìmú ariwo kankan wá. Àwọn ará àdúgbò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n. Láti Bàrígà títí dé Fọlá Agoro, ta ni kò mọ Adéjìmí, ọ̀gá àwọn tó ń gbé irin tó wúwo jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí? Moyọ̀sọ́lá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Bí ẹ ṣe gbé e ni gbogbo wọn ń wò," ó ní. "Bí ẹ ṣe rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lèmi ń wò ní tèmi. Ẹ ṣeun."

"Gọ́ọ̀mù wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín," ni gbogbo ohun tí alágbára rí sọ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí Adéjìmí bá ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń gbé irin ní Bàrígà nírọ̀lẹ́, Ṣómólú ló ń gbà. Ìwé tí Moyọ̀sọ́lá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, nǹkan tó wúwo ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ tó gbẹ, ó sì ti rí ohun tó wúwo.

"Jókòó sórí eléyìí náà, ọkọ mi," á ní. "Má mira o, ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni."

Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pariwo rẹ̀ á jókòó sórí ìwé ìṣirò, á máa jẹ búrẹ́dì, á máa wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Kóòṣì Samson ló rí i létí ọ̀sà Bàrígà níbi tó ti ń ru yanrìn, tó mú un sílé, tó sì kọ́ ọ ní irin gbígbé. Irin ló sọ ọ́ di èèyàn.

Lóṣù tí wọ́n yàn án pé òun ni yóò ṣojú orílẹ̀-èdè yìí níbi ìdíje kan lókè òkun, nǹkan já nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrora náà sáré gba itan òsì lọ sísàlẹ̀ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Dókítà tó wò ó ò fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un: bó bá tún gbé irin, tàbí tó tilẹ̀ tẹ ẹ̀yìn náà ba lódì, ẹsẹ̀ òsì lè kú. Adéjìmí dúpẹ́, ó ra báńdéèjì fífẹ̀, ó wé e mọ́ra lábẹ́ ẹ̀wù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kóòṣì bá gbọ́, ẹlòmíì ni wọn yóò mú lọ. Ó ní kóun ṣáà lọ síbi ìdíje kan yìí, kóun gba wúrà bọ̀, kóun fẹ́ Moyọ̀, kóun wá sinmi. Ó rò pé ọgbọ́n lòun ń gbọ́n.

Àárín ìgbà yẹn ni bàbá Moyọ̀sọ́lá ní kó wá kí òun. Díákónì Bámilóyè, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ọbáníkòró, ti kọ̀ jálẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò níṣẹ́ ju irin lọ. Ẹ̀bẹ̀ Moyọ̀sọ́lá ló rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kóòṣì Samson ló tẹ̀ lé Adéjìmí lọ, torí òun ni bàbá tó ní.

Nígbà tí wọ́n wọlé, kóòṣì kí díákónì tán, gbogbo ojú wá yí sí Adéjìmí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó tẹ orí nìkan ba, ó dúró.

"Dọ̀bálẹ̀ fún bàbá," ni kóòṣì sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Adéjìmí wí fún bàbá náà, "ẹ jẹ́ kí n kí yín lóòró lónìí."

Ọ̀rọ̀ ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ ti dé ẹnu Adéjìmí, ṣùgbọ́n kóòṣì ló dúró tì í yẹn, etí rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"O ń bẹ̀rẹ̀ fún irin lójoojúmọ́," ni díákónì wí, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Èmi tí mo bí ọmọ tí o fẹ́ fẹ́ ni o ò lè bẹ̀rẹ̀ fún. Moyọ̀sọ́lá, sin àwọn àlejò wa sọ́nà."

Ní gééètì, Moyọ̀sọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó sọ ohun kan fóun, ohunkóhun, òun á gbà á gbọ́. Adéjìmí wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní kò sóhun tóun fẹ́ sọ. Moyọ̀sọ́lá jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì padà wọlé.

Ìdánwò ìkẹyìn kí wọ́n tó rìnrìn àjò ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Irin náà dé èjìká rẹ̀, ó kù kó nà án sókè, ló bá wá ẹsẹ̀ òsì tì. Irin ṣubú, òun náà ṣubú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹsẹ̀ náà ò padà bọ̀ sípò. Wọ́n mú ẹlòmíì lọ sókè òkun. Adéjìmí dùbúlẹ̀ sínú yàrá rẹ̀ ní Bàrígà, ó kọjú sógiri, ó di gbogbo mẹ́dàlì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó pé ìbá sàn kí irin yẹn já lé òun láyà.

Ẹnu kóòṣì, tó gbọ́ ọ nílé ìwòsàn nígbà iṣẹ́ abẹ, ni Moyọ̀sọ́lá ti gbọ́ ohun tí dókítà ti kọ́kọ́ sọ fún Adéjìmí. Ó dé yàrá náà pẹ̀lú ẹkún àti ìbínú.

"O jẹ́ kí bàbá mi pè ọ́ ní agbéraga. O jẹ́ kémi náà gbà bẹ́ẹ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n gbé e mọ́. Bí mi ò bá gbé irin, kí ni mo jẹ́, Moyọ̀?"

"Ẹni tó ń bá mi jókòó lé ìwé."

Adéjìmí ní kó lọ fẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì. Moyọ̀sọ́lá mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ yàrá. Nígbà tó ní òun máa lọ ṣàlàyé fún bàbá òun, Adéjìmí bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n fi àánú fún òun níyàwó. Ìdọ̀bálẹ̀ ni bàbá ń retí, òun fúnra òun ló gbọ́dọ̀ ṣe é.

Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, ó lọ sí Ọbáníkòró lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Díákónì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Adéjìmí ò dúró kó sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó fi èkejì, ó fi ọwọ́, ó wá fi àyà. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀. Nígbà tó fi máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òógùn ti bò ó.

"Ẹ káàsán sà. Èyí ló yẹ kí n ti ṣe níjọ́sí."

Bàbá náà wo ọ̀pá, ó wo ẹsẹ̀ òsì tó ti rù. "Dìde," ó ní.

Adéjìmí ò dìde.

"Mo ní kí o dìde."

"Ẹ má bínú sà. Níjọ́sí, mi ò lè dọ̀bálẹ̀. Lónìí, mi ò lè dìde."

Ó wá yé díákónì. Ó dìde fùú, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Adéjìmí, ó fà á títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Adéjìmí ò mira. Bàbá arúgbó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó pe ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ọmọ náà ò gbọ́ rí. Moyọ̀sọ́lá sáré jáde. Kò fà á. Ó kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná, Dádì," ó ní. "Ó ti rọra sọ ara ẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi, a máa jọ gbé e."

Díákónì wo àwọn méjèèjì, ọ̀kan lórí ìdọ̀bálẹ̀, ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀. Bí àwọn ọmọ ṣe máa ń wà níwájú òbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí alága ìjókòó, kò sí ìyá ọkọ, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Irú ọkùnrin mìíràn ló ti ń pa àdúrà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ fún. Ó gbé ọwọ́ kan lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó gbé èkejì lé ẹ̀yìn Adéjìmí, níbi tí báńdéèjì wà. Kò gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ náà san, torí ó ti rí ohun tó rí. Ó ní kí Olúwa jẹ́ kí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan. Ó ní kí agbára ẹnì kan má ṣe tán lórí ẹnì kejì.

Adéjìmí fi ẹnu tó wà nílẹ̀ ṣe àmín. Ó ń sunkún, kò sì bò ó.

Nígbà tí àdúrà parí, Moyọ̀sọ́lá ti apá rẹ̀ bọ abẹ́ àyà Adéjìmí, bàbá di apá kejì mú.

"Mí kanlẹ̀," ni Moyọ̀sọ́lá sọ fún un létí.

Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.